Ọlọ́kọ̀ Tí Kò Ní Táyà Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín yìí kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí, kò sì lu ìyàwó rí. Ì bá tiẹ̀ sàn ká ní ọ̀kan nínú wọn ni. Bó bá jẹ́ olè, èèyàn á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ọ̀mùtí, èèyàn á jẹ́ kó sùn kó jí. Ṣùgbọ́n ṣekárími, báwo lẹ fẹ́ ṣe é?

Dírẹ́bà ni. Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ dírẹ́bà o, iṣẹ́ tó mọ́ ni, òun náà sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ó ń wakọ̀ fún ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní olú ìlú. Mọ́tò ọ̀gá yìí dúdú, ó ń dán, awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀. Láràárọ̀ ni dírẹ́bà ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Tó bá nù ún gbẹ tán, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á bọ́ yunifọ́ọ̀mù, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á fẹ̀yìn ti mọ́tò, á wá bẹ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé kó ya òun ní fọ́tò.

Fọ́tò yẹn, ilé ló ń gbà lọ. "Màámi, ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe." Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sọ pé tòun ni o. Ó kàn ní Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń fa Ọlọ́run wọnú irọ́!

Ní ìlú kékeré tí ìyá rẹ̀ ń gbé, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọlọ́kọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, télọ̀ tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn tó sì ń tọ́jú rẹ̀, fi fọ́tò náà há ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ kí àwọn oníbàárà lè máa rí i. Tí wọ́n bá bi Ọlọ́kọ̀ pé ìgbà wo ló máa gbé mọ́tò wálé, á ní ọ̀nà wọn ti burú jù, táyà òun ò ní lè gbà á. Nígbà tó yá, kò wálé mọ́ rárá. Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ni yóò rò ó pé ọmọ tòun ń purọ́ mọ́tò?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ń tòògbé, ni fóònù bá dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Àbúrò, ọ̀rọ̀ ojú màámi ni mo torí ẹ̀ pè."

Ojú òsì ìyá yìí ti fọ́ tipẹ́. Ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti ń ṣú. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji èèyàn, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni tó ni òjìji. Nọ́ọ̀sì kan wà ládùúgbò wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ńlá ní ìlú kejì. Nọ́ọ̀sì yìí ló ránṣẹ́ pé dókítà ojú kan tó wá láti òkè òkun wà lọ́dọ̀ àwọn, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀la ló sì máa kásẹ̀ ńlẹ̀.

"Ẹnì kan ló yẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Àyè ẹni yẹn ni wọ́n fún màámi. Àárọ̀ ọ̀la ni. Nọ́ọ̀sì ní omi ló ń pọ̀ nínú ojú yẹn, tó ń fún un látinú. Tí wọn ò bá tètè ṣe é, ó ń fọ́ nìyẹn, kò sì sí dókítà tó lè tún un ṣe mọ́."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ dé ibẹ̀?"

"A ti rí ọkọ̀. Ṣó o mọ oníbúrẹ́dì, gbogbo ìdájí ló ń kó búrẹ́dì lọ sí ìlú yẹn. Ó ní àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun níwájú fún màámi. Èmi á há ara mi sẹ́yìn láàárín búrẹ́dì. Mo kàn ní kó o gbọ́, kó o fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tó yẹ kó sọ: "Ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí oníbúrẹ́dì." Ó parí! Èmi ì bá ti rí ìtàn mìíràn wá.

"Ìyá mi? Nínú ọkọ̀ búrẹ́dì?"

"Họ́wù, kí ló ṣe ọkọ̀ búrẹ́dì? Ṣé kò ní táyà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Èmi tí mo ní mọ́tò, káwọn èèyàn wá rí ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀ láàárín búrẹ́dì! Ẹ ní kó máa lọ. Mò ń bọ̀. Ilẹ̀ ọ̀la ò ní tíì mọ́ tí màá fi dé, ẹ̀yìn mọ́tò ni màámi máa jókòó sí bí ayaba."

Ẹ ẹ́ bi mí pé níbo ló ti rí ẹnu sọ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ wọ bàálù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sì ní padà títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Mọ́tò á wà nílẹ̀ lásán. Ọkùnrin yìí ti rò ó tán lọ́kàn: òun á gbé e lọ, òun á gbé e bọ̀, òun á fọ̀ ọ́, ta ni yóò mọ̀? Mo ní kì í ṣe olè. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kò tíì ráàyè ni.

Ìyá rẹ̀ gba fóònù. "Ọlọ́kọ̀ mi! Ṣé òótọ́ ni wọ́n ní ò ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀, màámi."

"Nínú mọ́tò tí wọ́n ń ròyìn yẹn?"

"Òun gan-an ni."

"Ojú mi ò gbé fọ́tò yẹn, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún mi. Èmi náà á wá wọ̀ ọ́! Ọmọ mi, o ò ní sìn mí kù síbì kan."

Kò tíì dọ̀sán tí ọ̀gá fi jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ó wọ mọ́tò, ó fọwọ́ pa ojú. "Wọ́n ti sún ìpàdé yẹn síwájú. Mi ò lọ mọ́. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

 Dírẹ́bà wakọ̀ títí wọ́n fi ku díẹ̀ kí wọ́n dé ilé kó tó lè la ẹnu.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ gba àyè. Ara ìyá mi ò yá."

Ọ̀gá wò ó nínú dígí. "Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ojú ni, sà. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́la."

"O ò wá tètè sọ? Máa lọ kíá. Èmi á fúnra mi wakọ̀ lọ́la. Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tó o fẹ́ kí n ṣe?"

Nǹkan mìíràn wà. Sítéárìn rẹ̀ ló dì mú yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbé e ní bòńkẹ́lẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ wá bẹ̀bẹ̀ fún un ní gbangba? "Kò sí, sà," ló wí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́.

Ẹ wò ó, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Fóònù kan ṣoṣo ló kù kó pè: "Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò ò sí o, ẹ bá oníbúrẹ́dì lọ." Tó bá tiẹ̀ wù ú, kó ní mọ́tò bàjẹ́, ṣé irọ́ wọ́n ọn ni? Ó tẹ nọ́ńbà náà lóòótọ́.

"Àbúrò! Ó dáa bó o ṣe pè," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. "Ariwo mọ́tò ẹ ti gba gbogbo àdúgbò. Màámi ti di ẹrù, wọ́n ti gbé e sórí ẹsẹ̀. Ìyá òdìkejì títì wá kí wa, ó ní bí Ọlọ́run bá máa fún èèyàn lọ́mọ, kó fún un ní irú ẹ."

Ìyìn yẹn wọ ọkùnrin yìí lára ṣinṣin. "Mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo ti wà lójú ọ̀nà ni," ló fi dá a lóhùn.

Ikú yá ju ẹ̀sín, ló ń wí nínú ara rẹ̀ bó ṣe ń sáré lọ sí gáréèjì. Ikú ta ni? Ojú tó fẹ́ kú yẹn, ṣé ojú tiẹ̀ ni?

Nígbà tó dé gáréèjì, bọ́ọ̀sì kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Àyè ẹnì kan ló kù. Kọ́ńdọ́ ń lagun, ó ń pariwo, "Ẹnì kan péré! Ẹnì kan, a ti ń lọ nìyẹn!" Ọlọ́kọ̀ sáré sanwó, ó wọlé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìdí lélẹ̀ ni ọkùnrin iwájú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ tọ̀. Obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òun fẹ́ ra omi. Méjì míì tẹ̀ lé wọn. Kò pẹ́, ó wá ku òun àti bàbá arúgbó kan tó ń hanrun.

Èrò kọ́ ni wọ́n. Gáréèjì ló gbà wọ́n kí wọ́n máa jókòó sínú ọkọ̀ òfìfo, kó lè dà bíi pé ó ti kún. Ẹni tó ń wọkọ̀ déédéé mọ ẹ̀tàn yìí bí ẹní mowó. Ọlọ́kọ̀ tó ti pẹ́ tó ti ń sá fún ilé nítorí irọ́ ara rẹ̀ ló wá gbé ìwọ̀ náà mì.

"Ẹ̀tàn nìyí!" ló ké mọ́ kọ́ńdọ́. "Ẹ̀ ń fi èrò tẹ́ ẹ ò ní ṣe fáàrí!"

"Bọ̀dá, ẹ má bínú," ni kọ́ńdọ́ wí. "Tí ẹnikẹ́ni ò bá rí i pé èèyàn ní, ta ló máa wá bá a?"

Ọ̀rọ̀ yẹn yẹ kó gún un. Kò gún un. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń pòṣé, títí Ẹ̀gbọ́n fi tún pè.

"Níbo lo bá a dé?"

"Mo ti jáde nílùú tipẹ́."

Kọ́ńdọ́ tún figbe ta: "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!"

"Ta ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Àwọn tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gbájú mọ́ sítéárìn."

Ìgbà tí bọ́ọ̀sì yẹn máa fi gbéra, oòrùn ti yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí èèyàn tó bá pẹ́ báyẹn káwọ́ gbera, kó máa bẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àìsàn àwọn dírẹ́bà: ẹni tó ń wakọ̀ kì í fẹ́ kí ẹlòmíì wa òun. Ẹ̀yìn dírẹ́bà gan-an ló jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀.

"Já jíà yẹn wálẹ̀!" ló wí nígbà tí wọ́n ń gun òkè. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń gun òkè nìyí?"

Dírẹ́bà kàn ń wakọ̀ rẹ̀ lọ.

"Má tẹ̀ lé tírélà yẹn pẹ́kípẹ́kí mọ́. Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ níṣẹ́?"

Dírẹ́bà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti fi irun funfun lérí, wò ó nínú dígí. "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin náà ń wakọ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú ọkọ̀ yẹn. Kó kàn sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, dírẹ́bà lèmi náà." Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn le tó bẹ́ẹ̀ ni?

"Èmi? Èmi ní mọ́tò tèmi. Mo ní dírẹ́bà tó ń gbé mi kiri."

Ẹ gbà mí o! Mọ́tò ọ̀gá tó sọ di tiẹ̀ ò tó o mọ́, ó tún gba ara rẹ̀ síṣẹ́.

"Ẹni tó ní dírẹ́bà," ni ọkùnrin náà fi pẹ̀lẹ́tù béèrè, "kí ló wá ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì mi?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tó ń hanrun gan-an jí, ó bá wọn rẹ́rìn-ín kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ara Ọlọ́kọ̀ gbóná. "Èmi lo ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ìwọ dírẹ́bà lásánlàsàn!"

Dírẹ́bà lásánlàsàn. Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, kì í ṣe tèmi.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ náà yà sẹ́bàá ọ̀nà ní ìkóríta kan, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́. "Ẹ̀yin èrò mi, ẹ má bínú. Títí bàbá ọlọ́kọ̀ yìí á fi bọ́ sílẹ̀, mi ò lọ síbì kankan."

Ọlọ́kọ̀ wojú àwọn èrò bóyá ẹnì kan á gbèjà òun. "Ọ̀gá, ẹ bá wa bọ́ sílẹ̀," ni obìnrin kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ wí, "ẹ pe dírẹ́bà yín kó wá gbé yín." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kọ́ńdọ́ gbé báàgì rẹ̀ lé e lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní ìkóríta yẹn, gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ló kún. Ó juwọ́ títí apá fi ń ro ó. Nígbà tó yá, lọ́rì kan tó kó ewúrẹ́ dúró kó lè bu omi sí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà ìlú wọn ló ń lọ.

"Iwájú ti kún," ni ẹni tó ni ewúrẹ́ náà wí. "Ẹ̀yìn ló kù, tẹ́ ẹ bá lè bá wọn gbé."

Ó gun ẹ̀yìn lọ́rì. Ewúrẹ́ kan sì tọ̀ sára bàtà dídán náà kó tó jókòó dáadáa.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé nígbà tí fóònù tún dún. Ohùn Ẹ̀gbọ́n ti yàtọ̀. "Àbúrò, oníbúrẹ́dì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Ó ní òun ò fẹ́ tọrùn bọ ọ̀rọ̀ ẹbí, ṣùgbọ́n òun lè fi àyè yẹn sílẹ̀ dè wá, bóyá ọ̀nà á dí ẹ lọ́wọ́. Kí n ní kó fi sílẹ̀?"

Ewúrẹ́ kan ké.

"Kí nìyẹn?"

"Rédíò mọ́tò ni."

"Rédíò ń ké bí ewúrẹ́?"

"Ètò àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí oníbúrẹ́dì máa lọ. Mo ti sún mọ́ yín."

"Ṣó dá ẹ lójú? Ojú màámi là ń sọ yìí o. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù."

"Ó dá mi lójú."

Ṣẹ́ ẹ gbọ́? Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún un, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tì í. Ó ń gbọ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń sọ fún ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ ṣeun o, ẹ máa lọ, ọmọ wọn ti fẹ́ dé," ó sì ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń dáhùn pé kò burú. Òun náà wá pa fóònù, ó ní kí bátìrì má tán.

Lọ́rì náà ò rìn lóru. Ẹni tó ni ewúrẹ́ ní òun ò lè fi òkùnkùn wa ẹran òun sínú kòtò, wọ́n sì sùn sẹ́bàá ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí wọ́n máa tún gbéra, bátìrì fóònù ti kú. Ẹ má ṣe bí ẹni pé ó dùn ún. Ìtura ló jẹ́ fún un pé kò sẹ́ni tó lè bi í léèrè mọ́.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni ó rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ lókèèrè tí wọ́n ya àwòrán búrẹ́dì ńlá sí lára. Oníbúrẹ́dì ni, ó ń lọ sí ìlú tí ọsibítù wà. Àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ọkùnrin náà gbé tìmùtìmù kan sórí rẹ̀, bóyá ó rò pé wọ́n ṣì lè pe òun padà ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Tí Ọlọ́kọ̀ bá dìde juwọ́, tó pariwo, ọkùnrin náà á dúró, á sì yí padà lọ gbé ìyá rẹ̀.

Ó tẹ̀ ba sáàárín ewúrẹ́ kó má bàa rí òun.

Ọjà ẹran ni lọ́rì náà yà sí, ó sì jìnnà sí ìlú wọn. Ẹlẹ́ja kan fi ọkọ̀ gbé e dé ibì kan, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ kó tó rí òrùlé ilé wọn. Ó dúró sẹ́yìn ògiri kan, ó gbọn koríko kúrò lára ṣòkòtò, ó fi ewé nu bàtà. Ó ti wá irọ́ sílẹ̀: táyà ló bẹ́, lẹ́yìn náà ló tún bẹ́.

Mọ́tò pupa kékeré kan wà níwájú ilé. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú aṣọ tó ti wọ̀ láti ìdájí, ẹrù rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀. Kò sí ẹlòmíì níta.

Ìyá gbé orí sókè. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, màámi."

"Ọlọ́kọ̀ mi! O dé! Mo ní ẹ má dààmú, mo ní á dé!" Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó fa imú. "Kí ló ń rùn bí òbúkọ báyìí?"

"Ẹnì kan ló bẹ̀ mí kí n bá òun gbé ewúrẹ́ sí búùtù."

"O ṣeun ọmọ mi, àánú ẹ pọ̀. Ṣé ọ̀nà ló le? Ó dára, kò tíì bọ́. Jẹ́ ká máa lọ, bóyá dókítà ṣì ń dúró. Níbo lo páàkì sí?"

Ọlọ́kọ̀ yíjú wo mọ́tò pupa náà.

"Mo gbọ́ tí mọ́tò kan dúró níbí lẹ́ẹ̀kan, mo ti sùn lọ díẹ̀. Ìwọ ni, àbí? Mú mi débẹ̀. Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án ná."

Ẹ̀yin èèyàn, mo mọ àwọn onírọ́. Èmi náà ń purọ́ nígbà tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá tó ti ń fọ́jú, kéèyàn mú un, kó fà á lọ gbé e lé orí mọ́tò tí kò mọ ẹni tó ni ín! Ohun tó ṣe nìyẹn. Ó mú un ní apá, ó rọra fà á dé ibi mọ́tò pupa, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé iwájú rẹ̀.

"Ó gbóná!" ni ìyá wí. "Ó ti rìn jìnnà lóòótọ́. Ẹ̀ẹ́n, ó mà ń dán lọ́wọ́ o." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á títí dé ibi iná rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró ṣánṣán, ó fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súre. "Ọlọ́run tó fi èyí jíǹkí ọmọ mi kò ní gbà á padà. Ọmọ mi, o ò ní fi rí àgbákò. Àwọn ọmọ tìẹ náà á fi mọ́tò gbé ọ."

"Àmín," ni Ọlọ́kọ̀ ń wí. "Àmín, màámi."

Ibi àmín yẹn ni Ẹ̀gbọ́n àti nọ́ọ̀sì ti jáde láti inú ilé.

"Màmá, ẹ rọra o," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì gbóná. Kò tíì pẹ́ tí mo wà á dé."

Ọwọ́ ìyá gbéra díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí mọ́tò. "Mọ́tò ta ni?"

"Tèmi ni, màmá. Mo yà kí n wá béèrè ìdí tẹ́ ẹ ò ṣe wá."

 Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì tó ti pọ́n, bàtà tó kún fún ìgbẹ́ ewúrẹ́. "Mọ́tò tìẹ ńkọ́?"

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó tún la ẹnu. "Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì."

"Rédíò!" Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí. "Rédíò tó ń ké bí ewúrẹ́! Mo lé oníbúrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà nítorí ẹ! Ọkùnrin yẹn bẹ̀ mí o, ó bẹ̀ mí! Ṣé o ní mọ́tò rí láyé ẹ?"

Ó wolẹ̀.

"Dá mi lóhùn!"

"Ti ọ̀gá mi ni," ló wí.

Ìyá yí ojú sí ibi tí ohùn nọ́ọ̀sì ti wá. "Dókítà ńkọ́?"

"Ó ti lọ, màmá. Orúkọ yín la kọ́kọ́ pè láàárọ̀. A tún un pè. Ó ní ká dúró dè yín díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹlòmíì wọlé." Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. "Bó bá máa tún wá, ó di ọdún mìíràn. Ojú yìí ò lè dúró dè é."

Mo ti rò pé ìyá yẹn á ké, á ṣépè. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sí Ẹ̀gbọ́n pé kó mú òun wọlé. Ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá àga, Ọlọ́kọ̀ sáré gbé e kó lè bá a gbé e wọlé. "Gbé e sílẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ojú náà ti fọ́. Ìmọ́lẹ̀ lọ, òjìji lọ.

Ọlọ́kọ̀ tún wálé lẹ́yìn ìgbà yẹn, bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá, ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà ló wọ̀. Ẹ̀gbọ́n kí i káàbọ̀, ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, kò tún bá a sọ nǹkan kan. Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ níta. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí ìyá òdìkejì fi kọjá wá láti kí wọn.

"Màmá," ni ìyá òdìkejì wí nígbà tó jókòó tán, "ọ̀rọ̀ ojú yín yìí ò yé mi títí dòní. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí yín níta láti àárọ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́sẹ̀. Nírọ̀lẹ́, mo rí mọ́tò pupa níwájú ilé, mo ní Ọlọ́kọ̀ ti dé. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò lọ?"

Máṣíìnì Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ nínú ilé.

 Ìyá Ọlọ́kọ̀ fi ọwọ́ wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ títí ó fi rí i, ó sì dì í mú.

"Èmi ni mo fà á," ló wí. "Ọmọ mi dé, ó gbé mọ́tò dé. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló bà mí. Mo fárígá, mo ní mi ò lọ. Kí ẹnikẹ́ni má dá a lẹ́bi o."

"Ẹ ò mà ṣe é dáadáa, màmá! Ẹ̀rù ló bà yín tẹ́ ẹ fi jẹ́ kí ojú lọ?" Ìyá òdìkejì pòṣé, ó yíjú sí Ọlọ́kọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa. Àgbà tó bá ya olórí kunkun, kò sí ohun tí ọmọ lè ṣe."

Èèyàn gidi ì bá bú sẹ́kún. Ẹni tí ìtìjú rẹ̀ ò tíì tán ì bá dìde, kó wọlé. Ọlọ́kọ̀ tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ bá mi bá wọn wí," ló wí. "Mo bẹ̀ wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n. Wọn ò gbà."